Ajá Ọdẹ Tó Ti Dàgbà Nínú Ilé Mùsùlùmí: Ohun Tó Yẹ Kí A Yẹ̀ Wò Kí Ó Tó Wọlé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó dá ènìyàn àti ẹranko, tó sì fi ìmọ́tótó ṣe ara ẹ̀sìn wa. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ọ̀rọ̀ ajá kì í pẹ́ dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwa Mùsùlùmí. Ẹnìkan á ní èèwọ̀ ni pátápátá, ẹlòmíràn á ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n olè ń yọ àwọn ará àdúgbò lẹ́nu, ọ̀yà sì ń jẹ oko run, nítorí náà ọ̀pọ̀ ìdílé ló ń ronú àtigba ajá. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ra ọmọ ajá. Àwọn kan ń gba ajá ọdẹ tó ti dàgbà lọ́wọ́ ìdílé ọdẹ tó ti ṣaláìsí, tàbí lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kó lọ sí ìlú mìíràn. Àwọn mìíràn ń gbà á ní ilé ìtọ́jú àwọn ajá tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀, irú èyí tó ti wà ní Èkó báyìí, tó sì wọ́pọ̀ gan-an níbi tí àwọn ọmọ wa ń gbé ní ìlú Ọba.

Ajá tó ti dàgbà ní àǹfààní tirẹ̀. A ti rí bó ṣe tóbi tó, a ti mọ ìwà rẹ̀ dé àyè kan, ó sì lè ti gba ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n kò wá lọ́wọ́ òfo. Ó ti jẹ ohun tí a kò rí, ó ti bá ẹranko tí a kò mọ̀ jà, wọ́n sì ti kọ́ ọ láti lé ohun tó bá ń sá. Ìdí nìyẹn tí a fi fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ohun tó yẹ kí ìdílé Mùsùlùmí yẹ̀ wò kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Kí ni a fẹ́ fi ajá náà ṣe?

Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyí, kí a tó bèèrè àwọ̀ irun rẹ̀ tàbí iye owó rẹ̀. Nínú Súratul-Máídah, áyà 4, Ọlọ́hun Ọba ṣe ẹran tí ajá tí a kọ́ ní ọdẹ bá mú fún wa ní ẹ̀tọ́, Ó sì pàṣẹ pé kí a dárúkọ Òun sí i. A sì gbọ́ nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá pé ẹni tó bá ń sin ajá láìjẹ́ pé fún ọdẹ, fún ṣíṣọ́ ẹran ọ̀sìn tàbí fún oko, láádá rẹ̀ yóò máa dín kù lójoojúmọ́. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn onímímọ̀ fi ṣíṣọ́ ilé wé àwọn ìdí wọ̀nyí, nítorí pé àìní kan náà ló wà níbẹ̀.

Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ọ̀yà ń jẹ pákí rẹ̀ run, tàbí ẹni tó ń sin ewúrẹ́ àti àgùntàn, ní ìdí tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ẹni tó kàn fẹ́ fi ajá ṣe fàájì nínú yàrá, tàbí kó fi yangàn lójú àwọn ọ̀rẹ́, kí ó bi ààfáà rẹ̀ léèrè kí ó tó dán an wò.

Ó yẹ kí a tún mọ̀ pé ajá ọdẹ kì í sábà jẹ́ ajá ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Greyhound ń fi ojú lé ẹran, eré rẹ̀ sì lè sún mọ́ kìlómítà 70 ní wákàtí kan, ṣùgbọ́n kì í fi bẹ́ẹ̀ gbó. Irú kan náà ni Saluki tí àwọn Lárúbáwá fi ń dọdẹ láti ayébáyé. Beagle ń fi imú tọpa, ó sì máa ń ṣe dáadáa sí àlejò tí kò mọ̀ rí. Ajá ìbílẹ̀ tiwa tí àwọn ọdẹ ń mú lọ sígbó gbọ́n, kì í sì ṣàìsàn káàkiri bí ajá òkèèrè, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lára láti rìn jìnnà. Bí a bá gba èyíkéyìí nínú wọn tí a sì so ó mọ́ ìdí ọ̀pá láti àárọ̀ dé alẹ́, yóò máa pariwo, yóò máa gbẹ́ ilẹ̀, yóò sì máa wá ọ̀nà àtisá.

Ohun tó lè ti kó nínú igbó

Àrùn tó léwu jù lọ tí ajá lè fún ènìyàn ni dìgbòlugi. Inú itọ́ ajá tó ní in ni kòkòrò àrùn náà ń wà. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, tàbí tó ya á ní èékánná, tàbí tí itọ́ rẹ̀ kan ojú egbò, ojú tàbí ẹnu, kòkòrò náà yóò gba inú okùn iṣan lọ sí ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀. Ó sábà máa ń gba oṣù méjì sí mẹ́ta kí àmì tó hàn, ó sì lè yá ju bẹ́ẹ̀ lọ tàbí kí ó pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àmì bá ti hàn lára ènìyàn, bí ìbẹ̀rù omi àti àìlègbé nǹkan mì, ikú ló máa ń já sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé fojú bù ú pé nǹkan bí 59,000 ènìyàn ni àrùn yìí ń pa lọ́dọọdún lágbàáyé. Ajá ló ń fa ìdá 99 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ń kú sì jẹ́ ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15.

Ajá ọdẹ súnmọ́ ewu yìí ju ajá tí kì í kúrò nínú ọgbà lọ, nítorí pé ó ń bá ẹranko ìgbẹ́ àti ajá tó ń rìn káàkiri pàdé. Ohun tó yẹ kí a fi sọ́kàn ni pé ajá tó ti kó àrùn náà lè wà fún ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀ láìṣàìsàn. Abẹ́rẹ́ tí a bá fún un lẹ́yìn tó ti kó o kò dájú pé yóò gbà á là. Ààbò abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ pàápàá máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Nítorí náà, kí a má ṣe rò pé níwọ̀n ìgbà tó ti gba abẹ́rẹ́ lánàá, àwọn ọmọ lè máa bá a ṣeré lónìí.

Aràn ni ìkejì. Ẹyin aràn kan wà nínú ìgbẹ́ ajá tó lè wọ inú ara ọmọdé tó bá fi ọwọ́ tó kan yẹ̀pẹ̀ sẹ́nu, tó sì lè ba ẹ̀dọ̀ tàbí ojú rẹ̀ jẹ́. Ṣùgbọ́n ó máa ń gba ẹyin yìí ní bí ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ilẹ̀ kí ó tó lè ran ènìyàn. Ìyẹn ni pé bí a bá ń kó ìgbẹ́ ajá lójoojúmọ́ tí a sì ń rì í mọ́lẹ̀ jíjìn, a ti gbégi dínà àrùn náà.

Aràn kejì kan ọ̀dún Iléyá wa gbọ̀ngbọ̀n. Aràn kékeré kan ń gbé inú ìfun ajá. Ẹyin rẹ̀ ń bá ìgbẹ́ ajá jáde sórí koríko, àgùntàn, ewúrẹ́ tàbí màlúù á jẹ ẹ́, yóò sì di kókó olómi nínú ẹ̀dọ̀ àti fùkù wọn. Nígbà tí a bá pa ẹran náà tí a sì ju ẹ̀dọ̀ tàbí fùkù tó ní kókó fún ajá ní tútù, aràn tún padà sínú ìfun ajá nìyẹn. Bí ènìyàn bá gbé ẹyin rẹ̀ mì, irú kókó bẹ́ẹ̀ lè máa dàgbà nínú ẹ̀dọ̀ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó mọ̀, iṣẹ́ abẹ ni wọ́n sì sábà máa ń fi yọ ọ́. Ajá ọdẹ tó ti máa ń jẹ ìfun ẹran nínú igbó lè ti ní aràn yìí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ju nǹkan inú ẹran tútù fún ajá lọ́jọ́ Iléyá. Èyí tó ní kókó, kí a sun ún tàbí kí a rì í jìn débi tí ajá kò ti lè hú u. Èyí tó dára, kí a sè é jinná kí ajá tó jẹ ẹ́.

Eégbọn ni ìkẹta, àti èélá ara tó ń jẹ́ kí irun re. Wọn kì í pa ènìyàn kíákíá, ṣùgbọ́n wọ́n lè ran àwọn ará ilé àti ẹran ọ̀sìn yòókù.

Kí a tó mú un wálé

Bí a bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó fẹ́ fún wa ní ajá, tàbí ilé ìtọ́jú, ẹ jẹ́ kí a bèèrè àwọn nǹkan wọ̀nyí láìtijú:

Àkọ́kọ́, níbo ni káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà, ọjọ́ wo sì ni ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi gbẹ̀yìn? Bí kò bá sí káàdì, kí a kà á sí ajá tí kò gba abẹ́rẹ́ rí.

Èkejì, ǹjẹ́ ó ti bu ènìyàn jẹ rí? Ǹjẹ́ ajá mìíràn tàbí ẹranko ìgbẹ́ ti bù ú jẹ láàárín oṣù mélòó kan sẹ́yìn? Bí ìdáhùn èkejì bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí a má ṣe mú un wálé kí dókítà ẹranko tó sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ló dé tí wọ́n fi ń fi í sílẹ̀? Ajá tí olówó rẹ̀ kú yàtọ̀ sí ajá tí wọ́n ń lé jáde nítorí pé ó ń pa adìyẹ aládùúgbò.

Ẹ̀kẹrin, kí ni orúkọ rẹ̀, báwo ni wọ́n sì ṣe ń pè é? Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá ọdẹ ti mọ fèrè tàbí ohùn kan tó ń dá a padà, ohùn yẹn sì ni a ó fi dá a dúró lọ́jọ́ tó bá fẹ́ lé ọmọ ewúrẹ́ ẹlòmíràn. Kí a kọ́ ọ lẹ́nu ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Láti ibẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko ni kí a kọ́kọ́ gbà lọ. Ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba wà ní ọ̀pọ̀ ìlú, àwọn yunifásítì tó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ẹranko, bíi ti Ìbàdàn, Ìlọrin àti ti iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Abẹ́òkúta, sì ń tọ́jú ẹranko àwọn ará ìlú. Kí wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti ti àwọn àrùn yòókù, kí wọ́n sì fún un ní oògùn aràn. Ẹ jẹ́ kí a bèèrè bóyá oògùn náà ń pa aràn onípele-pípẹlẹbẹ pẹ̀lú, nítorí kì í ṣe gbogbo oògùn aràn ló ń pa á. Praziquantel ni wọ́n sábà máa ń lò fún un. Lẹ́yìn náà, kí oògùn aràn máa lọ ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí bí dókítà bá ṣe dá a, kí a sì máa tún abẹ́rẹ́ dìgbòlugi ṣe nígbà tó bá tó.

Ibùgbé rẹ̀, ìrun wa àti àwo wa

A gbọ́ nínú hádíìsì pé àwọn mọ̀láíkà kì í wọ ilé tí ajá wà. Nítorí náà, bí ìdí tiẹ̀ wà tí a fi ń sin ín, ìta ni kí ibùgbé rẹ̀ wà, lábẹ́ òrùlé tí òjò àti oòrùn kò ti ní pa á, kó jìnnà sí ibi ìrun, ilé ìdáná àti ibi tí a ń sá aṣọ. Kí ó ní àwo tirẹ̀, ìgbálẹ̀ tirẹ̀ àti okùn tirẹ̀.

Ní ti itọ́ rẹ̀, Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, pàṣẹ pé kí a fọ àwo tí ajá bá fi ẹnu kàn ní ẹ̀ẹ̀méje, ìgbàwá kan nínú rẹ̀ sì wà pé kí a fi erùpẹ̀ fọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan nínú wọn. Àwọn onímímọ̀ yàtọ̀ síra lórí àlàyé rẹ̀. Ní ìlànà Imaamu Malik, tí ọ̀pọ̀ wa ní ilẹ̀ Yorùbá ń tẹ̀lé, ajá tó wà láàyè kì í ṣe nájísì. A ń fọ àwo náà nítorí pé ìjọsìn ni. Ní ìlànà Imaamu Shafi'i, nájísì ni itọ́ àti ara rẹ̀ tó bá tutù, a ó sì fọ ibi tó kàn lẹ́ẹ̀méje pẹ̀lú erùpẹ̀. Ní ìlànà Imaamu Abu Hanifa, itọ́ rẹ̀ ni nájísì. Kí kálukú tẹ̀lé ààfáà tó ń kọ́ ọ, kí a má fi èyí dá ìjà sílẹ̀ nínú mọ́sálásí. Ohun kan tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀ ni pé fífọwọ́ kan ajá kò ba àlùwàlá jẹ́. Ibi tí itọ́ bá kàn lára tàbí lára aṣọ ni kí a fọ̀ bí ìlànà wa bá ṣe wí.

Ó dára kí a ya aṣọ kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ajá, kí aṣọ ìrun má bàa kó sínú wàhálà. Ẹni tó bá sì bọ́ ọ tàbí tó gbá ibùgbé rẹ̀, kí ó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan oúnjẹ.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́

Àwọn tó ń tọ́jú ajá tí a kọ̀ sílẹ̀ máa ń ka mẹ́ta lọ́nà mẹ́ta. Ní bí ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀rù yóò máa ba ajá náà, ó sì lè má jẹun dáadáa. Ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìgbà tí a ń jẹun àti ìgbà tí a ń jáde, ìwà rẹ̀ gan-an yóò sì máa hàn. Ní bí oṣù mẹ́ta ni yóò tó mọ̀ pé ilé òun nìyí. Nítorí náà, ajá tó dákẹ́ jẹ́ẹ́ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ lè jẹ́ ajá tí ẹ̀rù ń bà. Kí a má fi ìdákẹ́ rẹ̀ sọ pé ó ti mọ ilé.

Ní gbogbo àsìkò yìí, kí ọmọdé má dá wà pẹ̀lú rẹ̀. Kí wọ́n má lọ bá a nígbà tó ń jẹun tàbí tó ń sùn, kí wọ́n má sì sá níwájú rẹ̀, nítorí pé lílé ohun tó ń sá ni iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ ọ. Kí okùn wà lọ́rùn rẹ̀ bí a bá ń mú un jáde, kí ọgbà sì ní odi tí kò lè fò. Adìyẹ, ológbò àti àgbò Iléyá kò gbọdọ̀ wà níbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti lè tó wọn. Bí ó bá pa ẹran aládùúgbò nítorí àìbìkítà wa, a jẹ gbèsè rẹ̀.

Bí ó bá bu ènìyàn jẹ

Ibi yìí ni a fẹ́ kí gbogbo òbí fetí sí jù lọ. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, a ti sọ fún àwọn ọmọ pé ajá jẹ́ nájísì, ẹni tó bá sún mọ́ ọn yóò jẹ ẹgba. Ọmọ tó gbọ́ bẹ́ẹ̀, bí ajá bá fi eyín ha á lẹ́sẹ̀, yóò fọ ẹsẹ̀ rẹ̀ níbi tí ẹnìkan kò ti rí i, yóò sì pa ẹnu mọ́. Nígbà tí àìsàn bá fi máa sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti kọjá dókítà. Ẹ jẹ́ kí a sọ fún wọn lónìí pé bí ajá èyíkéyìí bá bù wọ́n jẹ, ha wọ́n, tàbí lá egbò wọn, kí wọ́n sáré wá sọ, a kò ní nà wọ́n.

Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí. Kí a fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15 gbáko. Lẹ́yìn náà, kí a fi sípírítì tàbí áyódín sí i. Kí a má fi ata, epo, eérú, àgbo tàbí irun ajá náà sí i. Kí a lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, kí a sì parí gbogbo ìgbà tí wọ́n bá dá, bí egbò bá tilẹ̀ ti jinná. Egbò tó jìn lè nílò abẹ́rẹ́ kejì tó ń gbógun ti kòkòrò náà lójú ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ yìí kì í ṣe ohun tuntun. Láti ọdún 1885 ni Louis Pasteur ti fún Joseph Meister, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ajá dìgbòlugi bù jẹ, ní irú rẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ náà sì yè.

Ní ti ajá, kí a má ṣe lé e lọ, kí a má sì pa á sọnù. Kí a tì í mọ́ ibì kan, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ mẹ́wàá. Bí ara rẹ̀ bá le títí ọjọ́ mẹ́wàá fi pé, kòkòrò náà kò sí nínú itọ́ rẹ̀ nígbà tó bu ènìyàn jẹ. Ṣùgbọ́n kí a má dúró de ọjọ́ mẹ́wàá yìí kí a tó gba abẹ́rẹ́ tiwa.

Ẹ jẹ́ kí a yé ara wa: fífọ àwo lẹ́ẹ̀méje kò dípò abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, abẹ́rẹ́ kò sì dípò ìmọ́tótó tí ẹ̀sìn pa láṣẹ. Ìjọsìn ni ọ̀kan, ìdáàbòbò ẹ̀mí ni èkejì, àwa Mùsùlùmí sì ni a pa méjèèjì láṣẹ fún.

Ẹ̀tọ́ rẹ̀ lọ́rùn wa

Ànábì wa sọ fún wa nípa ẹni tó bu omi fún ajá tí òǹgbẹ ń gbẹ, tí Ọlọ́hun sì tìtorí rẹ̀ forí jì í. Ó tún sọ nípa obìnrin tó ti ológbò mọ́lé láìfún un lóúnjẹ títí ó fi kú, tó sì tìtorí rẹ̀ wọ iná. Bí a bá gba ajá, oúnjẹ, omi, ìbòòji, ìrìn ojoojúmọ́ àti abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti di ẹrù tiwa. Ẹni tó bá rí i pé agbára òun kò gbé e, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ kí ó tó mú un wálé. Bó bá sì ti mú un wálé, kí ó dá a padà fún ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó má tú u sílẹ̀ sí ìgboro. Ajá tí a tú sí ìgboro láìní abẹ́rẹ́ lè bu ọmọ ẹlòmíràn jẹ lọ́la.

Kí Ọlọ́hun Ọba fún wa ní òye, kí Ó dáàbò bo àwọn ọmọ wa lọ́wọ́ àrùn burúkú, kí Ó sì gba ìjọsìn wa. Àmín.